Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ àti Àwo Alákàbà Pupa

Tó bá di ká ta gìtá, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ ọkùnrin yìí sẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ta á ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àmọ́ ó ní àṣà kan tí gbogbo olórin ìlú mọ̀. Kó tó ta ohun kankan, á kọ́kọ́ dẹ okùn gìtá rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á wá kọjú sí àwọn tó kù, á ní, "Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀." Inú á bí akọrin tó bá ní ohùn tíńrín. Bí wọ́n bá ní kí ló dé, èsì rẹ̀ kò ju pé, "Ibẹ̀ ló ti dùn." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ nìyẹn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá fi ń pè é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday tó bá kẹ́yìn oṣù, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta máa ń pàdé ní pálọ̀ Onílù. Ẹ̀yìn ríro ti mú Onílù fi ìlù sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni gbé ẹyin ló ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àwo orin. Akọ̀ròyìn á wá, ẹni tó ń kọ nípa orin sínú ìwé ìròyìn, tó sì dá a lójú pé kò sóhun tóun ò mọ̀. Ẹnì kẹrin wọn ni Àǹtí Oníwèé, tó ti kọ ìwé ìtàn márùn-ún, tó máa ń bọ́ bàtà kó tó gbọ́ orin. Òfin wọn ò le. Ẹnì kan á gbé àwo tó fẹ́ràn jù láyé wá, ìbáà jẹ́ rọ́ọ̀kì, ìbáà jẹ́ pọ́ọ̀pù, ó ṣáà ti gbọ́dọ̀ pẹ́. Wọ́n á gbọ́ ojú kìíní rẹ̀ tán láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni yóò fọ ife. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹnu á wá là, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Ọdún méjì ni Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ fi yẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá kàn án, á ní àwo òun wà lọ́dọ̀ màmá òun. Irọ́ kọ́, ibẹ̀ ló wà lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó ń gbọ́ àwo yẹn lórí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, tó sì fi kọ́ gìtá nínú yàrá tí ìyá ti ń ránṣọ. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Àwo náà nìkan ni olùkọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ níbòmíràn rí, torí àwọn tó kọ ọ́ kò lókìkí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí àwọn mẹ́ta yìí má lọ fi olùkọ́ òun ṣẹ̀sín.

Níkẹyìn, Àǹtí Oníwèé ní, "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá tún yẹ̀ ẹ́ lóṣù yìí, màá kọ yín sínú ìwé, màá sì fi yín ṣe ọ̀lẹ." Ni Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ bá lọ gbé e wá. Àkàbà pupa kan tí kò fẹ̀yìn ti ohunkóhun ni wọ́n yà sára páálí rẹ̀. Onílù nu àwo náà, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e, gbogbo wọn sì dákẹ́.

Gìtá tó kọ́kọ́ dún ta Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ jí. Ó ń sáré. Ó tún ga sókè, bí ìgbà tí wọ́n ń lé e bọ̀. Nígbà tí akọrin lanu, ọkùnrin oníwọ̀ntúnwọ̀nsì tó ti mọ̀ láti kékeré ti di ọ̀dọ́ aláriwo kan. Kò lè mú un mọ́ra. Ó pariwo pé, "Onílù, ẹ̀rọ ẹ ń sáré!"

"O máa fọ ife," ni Onílù wí. "Ẹ̀rọ mi kì í sáré."

Akọ̀ròyìn gba páálí. Wọ́n ti kọ iye ìṣẹ́jú orin kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ti àkọ́kọ́. Wọ́n dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tẹjú mọ́ aago. Ó parí gẹ́lẹ́ níbi tí páálí sọ. Akọ̀ròyìn bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu orókún. "Ẹ̀rọ màmá ẹ ló ń ṣàìsàn! Àwo tó bá ń falẹ̀, ohùn ẹ̀ á rẹlẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lo fi ń fà wá wálẹ̀ nítorí ẹ̀rọ tí ara ẹ̀ ò yá!"

Onílù náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí Oníwèé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, orin ṣáà dùn." Ojú ti Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó fọ ife, ó gbé àwo rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń rò ní gbogbo ọ̀nà ni pé àṣìṣe ni gbogbo ohun tí òun mọ̀ nínú gìtá. Nígbà tó délé, ó fa okùn rẹ̀ le dé ibi tí gbogbo ayé ń fà á dé. Ó ta á díẹ̀. Ó dà bíi pé gìtá ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dá àwo padà, gìtá lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ lẹ́bàá fèrèsé. Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ ò tiẹ̀ jókòó.

"Màmá, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ yín yìí ò sáré tó bó ṣe yẹ?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ìyá wí, kò gbójú sókè. "Èmi ni mo dín in kù."

Ọmọ bọ́ gìtá kúrò lọ́rùn.

"O ti gbàgbé? O máa ń jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, wàá máa sunkún. O ní ọkùnrin yẹn ń sáré jù, ìka ẹ ò lè bá a. Ìdè kékeré kan tó ń darí bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré wà lábẹ́ ibi tí àwo ń gbé yí. Mo mú irin tí mo fi ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí o fi dákẹ́ ẹkún." Ó fi eyín já òwú. "Mo ní tó o bá ti bá a, màá dá a padà. O ò sọ fún mi pé o ti bá a. Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Rẹ̀ẹ́sílẹ̀ jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó gbé gìtá lé itan. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sínú agolo bọ́tìnì, ó sì mú irin kékeré náà jáde.

"Ó dáa, o ti dàgbà. Ṣó o ti wá bá a báyìí, kí n fún un le?"

"Rárá, màmá," ni ó wí, ó sì ń dẹ okùn gìtá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mi ò tíì bá a. Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."