Wọ́n Ní Kí N Fọwọ́ Sí I Pé Irọ́ Ni Mo Pa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, òní ni màá tú u síta. Ní Banjul ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n pa orúkọ ìlú náà dà kúrò ní Bathurst.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé Crab Island. Dippa Kunda ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Tí a bá ti jáde ilé-ìwé lọ́sàn-án, mo máa ń lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlera kan nínú ìlú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà dé síbẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn o! Ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Hannah, ọmọ ẹ̀yà Aku tó ń sọ òyìnbó àdàlù, ló ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Orúkọ àwọn tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń tẹ̀. Àṣírí gidi ni. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń sá fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo tan rédíò ní yàrá kejì kí n gbọ́ ìròyìn. Bí Hannah bá ti ń tẹ bọ́tìnnì, rédíò á máa ké kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀! Àwọn yòókù ń pòṣé. Èmi tẹ́tí, mo ń wo ìka Hannah láti ẹnu ọ̀nà. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo gbọ́? Ìró lẹ́tà A yàtọ̀ sí ti E!

Ìwádìí mi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi gba ìró yẹn sínú rẹ́kọ́dà, tí mo ń lo ẹ̀rọ ilé-ìwé wa kan tó máa ń ya ìró bí ìlà sójú gíláàsì. Mo mọ ìlà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe mọ ojú ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sẹ́yìn ògiri lè ka gbogbo orúkọ yẹn láì ṣílẹ̀kùn!

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fún ọ̀gá ọ́fíìsì. Ó ránṣẹ́ pe òyìnbó tó ṣojú àwọn tó ta ẹ̀rọ náà. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní rédíò mi ló bàjẹ́. Ó wá gbé ìwé kan síwájú mi, pé kí n fọwọ́ sí i pé irọ́ ni mo pa. Ọ̀gá ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ mi níbẹ̀ ti parí.

Nílé, ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n fọwọ́ sí i, kí àlàáfíà lè wà. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ó kù díẹ̀ kí n gbà. Àfi ìgbà tí Hannah fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún mi pé orúkọ ìyá òun wà lára àwọn tí òun ń tẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. “No sign am o!” ló wí.

Mo padà lọ bá wọn. Mo ní, “Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan! Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí òyìnbó fúnra rẹ̀ tẹ ohun tó bá wù ú. Màá wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú rédíò àti ẹ̀rọ tó ń ya ìró.”

Ó wọlé, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbà mí ní bíi wákàtí kan kí n tó ka ìlà yẹn tán, òógùn bò mí. Mo wá dìde, mo kà á ketekete níwájú ọ̀gá: “Kí olùkọ́ yìí padà sídìí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀.”

Lẹ́tà méjì péré ni mo ṣì! Ojú òyìnbó pọ́n bí ata. Mo ní, “Ọ̀gá, ọbẹ̀ náà, mo mọ̀ ọ́n sè dáadáa.”

Wọ́n pa ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọn ò tàn án mọ́ títí wọ́n fi fi páànù àti nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká, bí mo ṣe júwe rẹ̀ fún wọn. Ṣé wọ́n wá dúpẹ́? Rárá o! Wọ́n ní mo dójú ti àlejò, wọ́n dá mi dúró. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo fi ìwádìí náà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kan lókè òkun, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ mi gbọingbọin lórí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kọ̀wé sí mi pé àwọn ti yí bí àwọn ṣe ń bo tiwọn padà nítorí ohun tí mo kọ. “Ọ̀gbẹ́ni” ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóhùn, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ “Ìyáàfin”.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò lè gba ohun tí o mọ̀ lọ́wọ́ rẹ, àfi tí o bá fúnra rẹ gbé e fún un. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ti fẹ́ kí o sẹ́ ohun tí o fojú ara rẹ rí? Kí lo fi dá a lóhùn? Sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ yìí, má fi nǹkan kan pa mọ́!