Kíákíá àti Ẹ̀rọ Tí Kì í Jiyàn

Kíákíá ni gbogbo wa ń pè é ní ọ́fíìsì, ìyàwó rẹ̀ pàápàá sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ló ti máa ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láàárọ̀. Ìdúró ló ti máa ń jẹun ọ̀sán. Tí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, á ti dá ẹ lóhùn kí o tó sọ ọ́ tán, ìdáhùn náà á sì tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó máa ń bí mi nínú jù nìyẹn. Kóòdù ló ń kọ. Èmi kì í kọ kóòdù. Èmi ni mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí mò ń gbé fóònù àwọn oníbàárà, torí náà àṣìṣe yòówù kí wọ́n ṣe lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn mi, etí mi ló kọ́kọ́ ń dé.

Àga méjì ló wà nídìí tábìlì yẹn, kọ̀ǹpútà kan, kíbọ́ọ̀dù kan. Kíákíá á jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, á máa tẹ̀. Àǹtí Kòdámilójú á jókòó sọ́wọ́ òsì, á máa wò. Obìnrin náà ti kọ kóòdù títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi kọṣẹ́. Tó bá tẹ ìlà mẹ́ta, ìrora á mú un dé ìgúnpá. Ni òun àti Kíákíá bá pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ẹnì kan ní ọwọ́, ẹnì kejì ní ojú.

Tí Kíákíá bá ti sáré kọ nǹkan tán, tó fẹ̀yìn ti àga pẹ̀lú ẹ̀rín, Àǹtí á ti gíláàsì rẹ̀ sókè imú, á ní, "Kò dá mi lójú." Ibẹ̀ la ti rí orúkọ tí a fi ń pè é. Ìbéèrè á wá bẹ̀rẹ̀. Tí ẹni yẹn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ láàárín ńkọ́? Kíákíá á jiyàn, á gbá tábìlì, á ní Àǹtí fẹ́ fi ìbéèrè pa òun. Àǹtí kò ní dákẹ́. Tó bá yá, màá gbọ́ tí Kíákíá mí kanlẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun tó kọ rẹ́. Ọjọ́ tí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé fóònù mi máa sinmi.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wàhálà dé, ti ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ kan ni. Akẹ́kọ̀ọ́ á yan ọjọ́ tó fẹ́ kọ́ mọ́tò, á yan olùkọ́, sọ́fítíwíà á sì wá ọkọ̀ fún un. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, àfi bí Ọ̀gá wa ṣe ti ìpàdé kan dé, tó ní gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ló ti ń lo ẹ̀rọ AI láti kọ kóòdù, àwa nìkan la ṣì ń fọwọ́ walẹ̀. Ó ní kí Kíákíá dán mẹ́ta wò nínú wọn, kó yan ọ̀kan fún ọ́fíìsì, kó sì kọ ìjábọ̀ wá. Bó ṣe ń sọ ọ́, àga kejì nídìí tábìlì ló ń wò. Èmi rí i. Kíákíá kò rí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ.

Èkínní yára ju Kíákíá fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó tún bọ́tìnnì kan ṣe lójú ìwé, ó kéré jù. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti yí fáìlì méje padà, ó ti sọ nǹkan lórúkọ tuntun, ó sì ti pa ohun kan tí kò mọ ìwúlò rẹ̀ rẹ́. Àfi bí ẹni tí o ní kó bá ẹ gbálẹ̀ yàrá tó lọ wó ògiri. Bọ́tìnnì náà ṣì kéré.

Èkejì, ojo ni. Ṣé kí n ṣí fáìlì yìí? Ṣé kí n kà á? Ṣé kí n tẹ̀síwájú? Kíákíá ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, títí kò fi ka ohun tó ń fọwọ́ sí mọ́. Àǹtí ní kó dúró, kó kà á. Kíákíá ní òun kò wáyé wá máa fàṣẹ sí nǹkan bí akọ̀wé ìjọba. Tí wọ́n bá sì fẹ́ pinnu, ọ̀rẹ́ Kíákíá kan á pè pé òmíràn jáde lánàá tó ju gbogbo wọn lọ, gbogbo rẹ̀ á tún dojú rú. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ dúró gbagidi. Èmi ni mò ń sọ fún wọn lórí fóònù pé ó kù díẹ̀. Irọ́ ọ̀hún sú mi.

Ẹ̀kẹta ló wá gba ọkàn Kíákíá. Ó mọṣẹ́, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Á ka kóòdù, á tọ́ka sí ibi tó kù sí, á ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà ni á yin Kíákíá pé èrò rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an. Kíákíá á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kì níwájú ìjọ. Àǹtí ti gíláàsì rẹ̀ sókè.

"Láti àárọ̀ tí o ti ń bá a sọ̀rọ̀," ó ní, "kò tíì sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan pé rárá. Kò dá mi lójú."

Kíákíá fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní Àǹtí ń jowú ẹ̀rọ. Ó jókòó, ó kọ ìjábọ̀ rẹ̀ kíákíá bó ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí ló dára jù, torí ó ń yẹ iṣẹ́ ẹni wò, ó sì ń rán ẹni létí ohun tí èèyàn gbàgbé, gẹ́lẹ́ bí ẹnì kejì tó jókòó tini. Ó rò pé òun ń yin ẹ̀rọ ni.

Ọ̀gá pè é wọlé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni iṣẹ́ ẹnì kejì gan-an? Mo dúró kí Kíákíá dáhùn. Ẹni tó máa ń dáni lóhùn kí ọ̀rọ̀ tó tán, ó wá ń kólòlò lọ́jọ́ náà. Kí ló fẹ́ tọ́ka sí? Gbogbo ohun tí Àǹtí ti ṣe níbẹ̀, ohun tí kò bàjẹ́ ni, ta ló sì ń rí ohun tí kò bàjẹ́? Ó wá ní, "Wọ́n máa ń bi mí ní ìbéèrè, sà." Ọ̀gá ní ẹ̀rọ náà ń béèrè ìbéèrè. Ó parí síbẹ̀, Ọ̀gá ní kí Àǹtí máa lọ. Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù tí kò dún.

Àǹtí kó ife rẹ̀, ó kó tìmùtìmù tó fi ń gbé ẹ̀yìn ró, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kíákíá ń sọ fún un pé òun kò mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí nìyí. Àǹtí ní ó dáa. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún àwọn àlejò.

Kíákíá wá ku òun nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ parí láìpẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, fóònù mi sì gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló bára wọn nídìí ọkọ̀ kan ní wákàtí kan náà, tí wọ́n ń du kọ́kọ́rọ́. Olùkọ́ kan dúró sí kọ̀rọ̀ òpópónà títí, ọkọ̀ tí wọ́n fún un ṣì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láìní táyà. Èmi ni wọ́n ń bú. Mo ní kí Kíákíá wá gbọ́ nǹkan, ó ní òun ti ń tún un ṣe.

Ó ń tún un ṣe lóòótọ́. Ó bi ẹ̀rọ bóyá kí ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀ tí ẹnì kan bá fagi lé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ ni, èrò tó dára ni. Ó bi í bóyá kó má bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tọrọ àforíjì, ó ní òótọ́ ló sọ, kó má bọ́ sílẹ̀ ló dára. Kíákíá padà sí ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ bá a padà. Mo yíjú wo ẹ̀yìn nígbà tí mo gbọ́ tí tábìlì dún.

"Bá mi jiyàn!" Kọ̀ǹpútà ló ń pariwo mọ́. Ẹ̀rọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìmọ̀ràn náà.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kó lọ bẹ Àǹtí, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ní àwọn ò ṣe mọ́. Fóònù mi ni Kíákíá gbà, torí Àǹtí kì í gbé ìpè rẹ̀ mọ́, ó sì fi í sí sípíkà kí n lè bá a bẹ̀ ẹ́. Ó ní Ọ̀gá ti gbà, a ó gbé àga padà síbi tó wà, ẹ̀rọ á kàn máa jíṣẹ́ ni. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Àǹtí jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọjọ́ tí mò ń lọ, Ọ̀gá ka ìjábọ̀ ẹ sí mi létí," ó ní. "Nígbà tó wá bi ẹ́ léèrè pé kí ni iṣẹ́ mi, kí lo sọ?"

Ojú Kíákíá pọ́n. "Mo ní ẹ máa ń bi mí ní ìbéèrè."

"Gbogbo ọdún yẹn."

 Mo bá Kíákíá bẹ̀ ẹ́. Àǹtí kò bínú, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ni, ó kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Ó ní òun ò ní padà.

Kíákíá sún mọ́ fóònù. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Kíákíá dá fóònù mi padà, ó lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, sọ́wọ́ ọ̀tún, bó ṣe máa ń jókòó. Títí a fi ti ọ́fíìsì, kò tẹ nǹkan kan.