Àìkọ́ Tó Di Àìkọ̀

Lẹ́yìn ilé mi ní Ìkòsí, ní Kétu níbí, obìnrin kan wà tó máa ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. "Átẹ́nà! Fíréyà! Ẹ wá wẹ̀ jàre!" Ohùn rẹ̀ á ré kọjá fẹ́ǹsì wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í léèrè níjọ́ kan pé níbo ló ti rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mummy, orí fóònù ni o. Òrìṣà àwọn Gíríìkì ni Átẹ́nà, Fíréyà ni ti àwọn ará ilẹ̀ olótùútù." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Kàmọ́rù! Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò lè bá wọn dá sí i, nítorí irú orúkọ báyìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kétu.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó ń jẹ́ Aiko. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, láìsí àmì ohùn kankan. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń wa mọ́tò fún tọkọtìyàwó ará Japan kan ní Gbàgádà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń sọ ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ràn gan-an nílẹ̀ wọn. Wọ́n ní Aiko, ọmọ ìfẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn tí àlùfáà ti pe ọmọ ní Sikírátù, bàbá náà dìde, ó ní òun náà ní tòun: Aiko. Kò pẹ́ sígbà náà ló kú. Ọmọ ò mọ ojú rẹ̀, kò sí fọ́tò tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ yẹn nìkan ló dá a lójú pé ó ti ẹnu bàbá òun jáde.

Ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni etí wa. Àìkọ́ ni àwa gbọ́, nílé ìwé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni gan-an! Tíṣà ìṣirò wa á ní, "Àìkọ́, dìde, wá sọ ohun tí wọn ò kọ́ ẹ." Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Bó bá dáhùn ìbéèrè dáadáa, a ó rẹ́rìn-ín. Bó bá ṣì í, a ó ní orúkọ ń roni.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká ṣe ìdánwò àṣejáde, ọ̀gá ilé ìwé wa pè é. Obìnrin náà le bí ojú ẹja. Bó bá ń bọ̀, a máa ń gba ẹ̀yìn fèrèsé sá. Ó ní orúkọ tó bá lọ báyìí ni yóò wà lórí sàtífíkéètì títí ayé, òun ò sì lè fi Àìkọ́ ránṣẹ́ síjọba. Sikírátù ni kó máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ Sikírátù ti kún kíláàsì wa: Sikírátù Pupa wà, Sikírátù Ẹlẹ́yinjú wà.

Lẹ́yìn ilé ìwé, a máa ń lọ bá ìyá rẹ̀ ní ọjà Mile 12, níbi tó ti ń ta tòmátì alápẹ̀rẹ̀. Àwa méjèèjì la máa ń yọ ẹ̀ṣà, àwọn tó ti rọ̀, kúrò lára àwọn tó le. Òórùn tòmátì tí oòrùn pa ò kúrò lọ́wọ́ wa, àfi ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá pè é, ìyá rẹ̀ ní, "Sikírátù náà dáa, ọmọ mi. Jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀." Aiko sunkún. Ó ní, "Tí wọ́n bá pa á rẹ́, kí ni màá fi mọ̀ pé mo ní bàbá?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti ń ṣa tòmátì, á máa pe orúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ ẹnu, á gbé e sókè, á gbé e wálẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Àárọ̀ tí wọ́n ń gba orúkọ dé. Gbogbo wa tò sórí ìlà. Wọ́n pè é jáde.

"Orúkọ?" ni ọ̀gá wí.

"Àìkọ̀, Mà." Ó fa ìparí rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá.

"Kí lo pè é?"

"Àìkọ̀, Mà. Bàbá mi ò kọ̀ mí. Ìyá mi ò kọ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ̀yin náà ẹ má kọ̀ mí."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Mà."

Ẹ̀rín bú jáde. Àìkọ́ náà ṣáà nìyẹn! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, a bá a rẹ́rìn-ín ni, a ò fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá alára rẹ́rìn-ín, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí. Ó yíjú sí tíṣà ìṣirò tó mú bírò lọ́wọ́. "Tíṣà, ẹ kọ ọ́." Tíṣà sì kọ ọ́. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ìròyìn náà dé Mile 12 ṣáájú wa. Àwọn onítòmátì gbé Ìyá Àìkọ̀ sókè, wọ́n ń jó yí apẹ̀rẹ̀ ká. Látọjọ́ náà, ẹni tó bá bímọ láàárín wọn, pàápàá ẹni tó ti wá ọmọ pẹ́, á fi Àìkọ̀ kún orúkọ ọmọ. Lẹ́yìn ìdánwò, ìyá àti ọmọ kó lọ sí Ìsẹ́yìn. Kò sí fóònù nígbà yẹn, mi ò sì rí i mọ́ dòní. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Kétu ti yí padà. Ilé alájà ti gba pápá tí a ti ń sáré, odò kékeré tí a ti ń ṣan ẹsẹ̀ ti di títì. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, mo gbé ọmọ-ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì nahùn pe, "Àìkọ̀!" Ìyá méjì ló dìde. Mo bi èyí tó sún mọ́ mi pé níbo lorúkọ yẹn ti wá. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Haba, Mummy! Orúkọ Yorùbá ìjìnlẹ̀ ni now. Ìyá ọkọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mi ò bá a jiyàn. Òótọ́ ni pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí orúkọ tó dé bí àlejò, tó sì di onílé. Ọkùnrin tó wa mọ́tò onímọ́tò títí tó fi kú, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Lónìí, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí ń fi orúkọ tó mú wálé gbé ọmọ tiwọn jó.