Igi Ẹlẹ́gùn-ún Tí Màmá Ń Pè Ní Ọsàn

Ní ẹ̀yìn ilé alájà mẹ́rin tí a ń gbé ní Peckham nílùú òyìnbó, ọgbà kékeré kan wà tí gbogbo àwọn ará ìsàlẹ̀ jọ ń lò. Nínú ọgbà náà ni igi kan wà tí ó máa ń ró ìró. N kò bù mọ́ ọ̀rọ̀. Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, tí ewé igi náà sì ń rẹ̀ dànù, ìyá mi àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, a mú ògbólógbòó ìró rẹ̀ kan jáde, a ró o mọ́ igi náà láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, a sì dì í pinpin bí ẹni ń múra fún ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé. Àwọn tí ń gba ẹ̀yìn ilé wa lọ sí ibùdókọ̀ máa ń dúró ya fọ́tò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó rí ẹwà igi náà. Ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kódà nígbà tí kò bá sí ewé kan lórí rẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ gùn ju ìka mi lọ, ó sì mú bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò. Èso rẹ̀ kò tóbi ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí tábìlì lọ. Ó máa ń pọ́n ní ìgbà ìwọ́wé, irun wínníwínní sì bò ó bí orí ọmọ tuntun. Síbẹ̀, Màmá kì í pè é ní orúkọ mìíràn ju ọsàn lọ. Bàbá mi àgbà ni ó rà á nínú ìkòkò òdòdó, tí ó sì gbìn ín síbẹ̀ nígbà tí a kò tíì bí mi. Bàbá àgbà ti di olóògbé. A ti fi àwọn aṣọ rẹ̀ ṣe sàráà, àga rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Igi yìí nìkan ni ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbìn tí ó ṣì ń hù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lójú Màmá, bí ó tilẹ̀ pa òun náà lẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn.

Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Bàbá tí ń gbé ní fúláàtì tí ó kángun sí tiwa. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sì ni òun àti bàbá mi àgbà, nítorí náà "ìyàwó wa" ni ó ń pe Màmá títí di òní. Ní ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, bọ́ọ̀lù tuntun ti ọmọ ọmọ rẹ̀ bọ́ sínú igi náà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tú jáde pìì. Kí igbe ọmọ náà tó rọlẹ̀, Bàbá ti gbé ayùn jáde.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò. Òní ni igi yìí ń lọ."

Màmá ti dúró síwájú igi náà, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló fi ṣe yín?"

"Bọ́ọ̀lù mélòó ni ó fẹ́ jẹ kí ó tó yó?"

"Ta ló ní kí bọ́ọ̀lù wá kí i? Ọsàn ọkọ mi ni, kò sẹ́ni tí yóò gé e."

"Ọsàn! Nílé wa lọ́hùn-ún, ẹ ti rí ọsàn tí ó máa ń wà níhòòhò rí? Ọsàn kì í wọ́wé tán. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi gbìn ti kú ní ọdún tí yìnyín pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀gún lásán ni ó hù rọ́pò rẹ̀, ẹ sì ń ró ìró fún un!"

Màmá kò bú u. Èyí ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó kàn fi ṣíbí tọ́ka sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ yìí ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igi àti ẹranko ní ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ó dáa, pròfẹ́sọ̀," ni Bàbá wí fún mi. "Mo fún ọ láyè títí n ó fi ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé. Bí ó bá jẹ́ ọsàn ọ̀rẹ́ mi, mo gbé ayùn mi wọlé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gún, mo gé e. Ìyàwó wa, ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà," ni Màmá dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a ti wọlé, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá mi, má wulẹ̀ pọ́n mi lé o. Bí kì í bá ṣe ti ọkọ mi, mo fẹ́ mọ̀."

Mo kọ́kọ́ gbé fóònù mi jáde, nítorí ohun kan wà lórí rẹ̀ tí ó lè dárúkọ igi bí a bá ya fọ́tò rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé Màmá kò kúrò lẹ́yìn igi náà. Fóònù rí àǹkárá ọrùn rẹ̀, ó ní òdòdó kan láti erékùṣù olóoru ni.

"Ó gbìyànjú," ni Màmá wí.

Mo wá rò ó pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí kò dá a lójú, ó yẹ kí ó fi í wé ohun tí ó dá a lójú. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé Màmá lọ sí ọjà Rye Lane, níbi tí ó ti fẹ́ ra ẹja. Ní ìsọ̀ eléso kan, a rí àwọn ọsàn kéékèèké tí a kó wá pẹ̀lú ewé lára. Mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yí ewé wọn síwá sẹ́yìn.

"Ọmọ yìí, ewé lo fẹ́ rà àbí ọsàn?" ni obìnrin tí ó ń tà wọ́n bi mí.

"Ewé ni, Mà."

"Ẹ gbà mí o! Màmá, ẹ mú un lọ sílé kí ó lọ jẹun."

Lórí tábìlì ìdáná, mo tẹ́ ewé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ewé ọsàn ọjà jẹ́ ẹyọ kan lórí ọ̀pá rẹ̀. Ti igi wa jẹ́ mẹ́ta lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ọ̀pá ewé igi wa dáadáa, mo rí i pé ó fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ìyẹ́ kékeré, ti ọjà náà sì ní irú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ tín-ín-rín. Mo fi ọwọ́ ra méjèèjì, mo sì gbóòórùn wọn. Màmá náà gbóòórùn, ó di ojú.

"Ẹ̀gún wo ní ń ta sánsán báyìí?"

Ó mú ọ̀kan nínú èso igi náà, ó sì bó o bí àwọn àgbà wa ti ń bó ọsàn: ọ̀bẹ a dúró lójú kan, ọsàn ni yóò máa yí, èèpo a sì máa jáde ní ọ̀já gígùn kan tí kì í já, títí ọsàn yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà ni a ó gé orí rẹ̀, tí a ó máa fún un, tí a ó máa mu ún. Èso yìí kéré, irun rẹ̀ sì ń yọ̀, síbẹ̀ èèpo náà kò já. Ó gbé e fún mi. Mo ní "Bísímílà," mo sì fà á.

Ó kan. Ó korò. Ó tún fi ohun kan bí oje igi lé mi ní ètè. Hóró kún inú rẹ̀ débi pé omi kò ráyè gbé.

"Ó dùn?"

"Màmá..."

"Mo ní, ṣé ó dùn?"

"Ó ní ìwà tirẹ̀, Mà."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo tún gé ọ̀kan ní ìdábùú, mo sì rí awẹ́ rẹ̀ tí ó tò yípo bí ti ọsàn gbogbo. Nísinsìnyí, ó dá mi lójú pé ìdílé ọsàn ni igi náà. Ohun tí kò dá mi lójú ni èyí tí ó jẹ Màmá lógún: ṣé Bàbá àgbà ni ó gbìn ín, àbí ó kàn hù sí ojú ibi tí tirẹ̀ kú sí?

Mo mú ẹ̀ka kan lọ bá olùkọ́ mi nínú àpò ike, ẹ̀gún rẹ̀ sì ti lu àpò náà jálẹ̀ kí n tó dé kíláàsì. Kò pẹ́ kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ó ní ọsàn ẹlẹ́wé-mẹ́ta ni, láti ìhà Ṣáínà, pé òtútù kì í pa á, pé ìwà rẹ̀ ni láti wọ́wé. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ó ní àwọn tí ń ta ọsàn inú ìkòkò máa ń gé ẹ̀ka ọsàn dídùn, wọn a so ó mọ́ ìdí ọsàn ẹlẹ́wé-mẹ́ta, nítorí pé gbòǹgbò èyí le, títí méjèèjì yóò fi lẹ̀ mọ́ra di igi kan. Ó ní kí n lọ wo ẹsẹ̀ igi wa.

Bí mo ti dé láti ilé ìwé ni èmi àti Màmá jáde. Ṣíbí ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo fi wa iyẹ̀pẹ̀. Ní ìdí igi náà, mo rí ibi kan tí ó wú bí orúnkún. Lórí ibi wíwú náà ni kùkùté gbígbẹ kan wà, tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ní abẹ́ rẹ̀ ni igi ẹlẹ́gùn-ún ti yọ jáde.

Màmá fi ìka kan kùkùté náà. "Ewé rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nígbà náà," ni ó wí. "Mo rántí. Nígbà tí yìnyín yọ́, tí ó tún rú pẹ̀lú ẹ̀gún, mo ní kí ọkọ mi wá wò ó. Ó ní igi náà ti bínú sí òtútù ni."

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Bàbá dé láti mọ́sálááṣí pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì wọlé lọ gbé ayùn. "Ó yá, pròfẹ́sọ̀. Sọ̀rọ̀."

"Bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ. Ọsàn dídùn tí Bàbá àgbà rà ti kú."

"Ẹ gbọ́ o! Mo wí bẹ́ẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ parí ọ̀rọ̀," ni Màmá wí.

"Ṣùgbọ́n igi méjì ni wọ́n tà fún un nínú ìkòkò kan, sà. Èyí tí ó wà lókè ni òtútù pa. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó gbé e ró, ọsàn ni òun náà, òun ni ó sì ṣẹ́kù. Kò hù fúnra rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá àgbà ni ó fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú ilẹ̀." Mo fi kùkùté náà hàn án.

Bàbá ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fi ọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mo gbẹ́ ihò náà. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn ún rárá," ni Màmá dáhùn.

"Ṣé mi ò mọ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí wọ́n bó ọ̀kan fún òun. Mo gbìyànjú láti kìlọ̀ fún un, Màmá sì ṣẹ́jú sí mi kí n dákẹ́. Ó fa èso náà tagbáratagbára.

"Súbúhánalláhì!" Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí àpò tí a fa okùn rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó nu ẹnu, ó sì wo igi náà láti òkè dé ilẹ̀. "Ó korò, ó ń gún ni, òtútù kò sì rí i gbé ṣe. Ọ̀rẹ́ mi gan-an nìyí."

Ayùn náà kò wọlé lásán. Bàbá fi gé àwọn ẹ̀ka tí ó rẹlẹ̀ sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, Màmá sì ń tọ́ ọ sọ́nà títí ó fi sú u. Àwọn èso tí ó ṣẹ́kù ni Màmá fi fọ ẹja rẹ̀, ó ní kò sí òrombó wẹ́wẹ́ tí ń lé òórùn ẹja lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òtútù dé, tí ewé igi náà wọ́ tán, mo rí Màmá tí ó ń mú ìró jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e láti ṣàlàyé pé òtútù kì í mú igi náà.

"Mo ti gbọ́," ni ó wí. Kò ró o mọ́ igi náà lára. Ó kúnlẹ̀, ó ká ìró náà sí kékeré, ó sì fi wé kùkùté gbígbẹ tí ó wà ní ìdí rẹ̀. "Èyí tí òtútù mú ni mo ń da aṣọ bò."

Fèrèsé Bàbá ṣí. "Ìyàwó wa! Ṣé ẹ tún bá a ra ìbọ̀sẹ̀ ni?"

"Tiyín ni mo fẹ́ yá!" ni Màmá dá a lóhùn, ó sì so ìró náà ní kókó.