Pupa Lọ́wọ́ Òsì Bí A Bá Ń Bọ̀ Wálé

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò lè wa ọkọ̀ ojú omi? Kí onítọ̀hún wá wo Ọmọ́táyọ̀ Àkàngbé láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò rẹ̀, bó ṣe ń fò sókè fò sílẹ̀ ní èbúté ẹ̀gbẹ́ Mákókó, tí kò lè dúró sójú kan. Inú rẹ̀ ń dùn, àyà rẹ̀ ń já, kò sì mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, l'Ékòó, ni wọ́n ti bí i, irun ló sì ń dì jẹun níbẹ̀. Omi tó mọ̀ kò ju ti inú báàfù lọ. Ọjọ́ kan ni oníbàárà kan bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dirun ìyàwó fún òun ní Erékùṣù, ló bá wọkọ̀ ojú omi. Yéè! Atẹ́gùn ṣí gèlè lórí ẹ̀, omi ta sí i lójú, ó wá ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó dápàárá. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ló ti mọ iṣẹ́ tí òun máa ṣe. Wọ́n ní kó lọ sinmi, pé obìnrin wo ló ń wakọ̀ omi. Àbí ẹ mọ ẹni tó lè dá Ọmọ́táyọ̀ dúró?

Ẹ̀gbọ́n Sàlíhù, awakọ̀ àgbà ní èbúté náà, ló gbà á kọ́ṣẹ́. Òun ló fi àwọn àmì tí wọ́n ń pè ní bọ́ì hàn án, àwọn àgbá ńlá tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Pupa kan wà tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí agolo mílíìkì, aláwọ̀ ewé sì wà tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Àárín méjèèjì lomi ti jìn. Ẹni tó bá yà kúrò níbẹ̀, yanrìn á gbá ọkọ̀ rẹ̀ mú.

"Bó o bá ń tòkun bọ̀ wálé," Sàlíhù á ní, "pupa lọ́wọ́ òsì, ewé lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó o bá ń jáde lọ, yí i padà."

Ọmọ́táyọ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Háà! Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn lórí omi, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn ìdánwò. Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé nìkan ni: bí bọ́ì bá yọ lókèèrè, ọwọ́ tó wà lápá ibi tó yẹ kí o fi bọ́ì náà sí ni wàá nà sókè. Ẹni tó dán an wò ni Kápútéènì Jude, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun tí kì í ṣe Yorùbá. Ìyá Ọmọ́táyọ̀ ńkọ́? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Láti kékeré, bó bá fi ọwọ́ òsì na iyọ̀ sí àgbà, rúlà ló máa dáhùn. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," Màmá á ní, pàù! Ọwọ́ òsì yẹn ti gbọ́n, bó bá ti rí àgbà, ẹ̀yìn ló ń sá pamọ́ sí. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé tí pupa yọ lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ yìí nà, tó ká a kọjá àyà, tó fi ń tọ́ka sósì. Ọwọ́ ọ̀tún ni Jude rí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo pupa ṣe di àṣìṣe.

"Ṣé o ò mọ pupa ni?" Sàlíhù bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n! Àgbà ni wọ́n kẹ̀, ṣé kí n wá na ọwọ́ òsì sí wọn lójú ni?"

Sàlíhù rẹ́rìn-ín títí tó fi di òpó èbúté mú. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ le. "Ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún ẹ o. Bó o bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á gbé ọkọ̀ tó yẹ kó o máa wà fún ẹlòmíì."

Nílé, Ọmọ́táyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ òsì sókè ní pálọ̀, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún ń nà án. Màmá wọlé bá a.

"Ta lò ń na ọwọ́ òsì sí nínú ilé mi?"

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Màmá wò ó, wọ́n pòṣé, wọ́n wọ yàrá lọ. Ó dùn ún wọra.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé, Ọmọ́táyọ̀ àti Jude gbéra. Ìjáde lọ rọrùn, kò sí ọwọ́ nínà, pupa lọ́tùn-ún, ewé lósì. Wọ́n yí padà lẹ́nu òkun, ọkọ̀ ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ìgbì sì ń gbé wọn sókè ń gbé wọn sọlẹ̀. Ọmọ́táyọ̀ fọwọ́ ọ̀tún di sítíárìn mú ṣinṣin. Pupa yọ lápá òsì! Ọwọ́ òsì wúwo bí ọlọ. Ojú Jude wà lára rẹ̀. Ó di eyín, ó nà án sókè gbọnrangandan, lójú àgbà, lọ́sàn-án gangan! Kò sẹ́ni tó nà án ní rúlà. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn débi pé ó kígbe. Pupa kejì, ó nà án. Ewé yọ, ó na ọ̀tún.

Nǹkan pupa kan tún yọ, ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún. Jude tọ́ka sí i, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ṣé kó yà kó lè fi í sósì ni? Ọmọ́táyọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Kò lórí pẹrẹsẹ, ó ń jó lójú omi bó ṣe wù ú. Kẹ́ẹ̀gì ni, kẹ́ẹ̀gì tí apẹja so mọ́ àwọ̀n! Kò na ọwọ́ kankan, ó mi orí, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ tààrà. Jude bú sẹ́rìn-ín, ó sì na àtàǹpàkò sókè sí i.

Ó ti yege! Ó ń kọrin, ó ń sunkún, èbúté ń sún mọ́ ọn. Ta ló wá rí níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàlíhù? Màmá, tí wọn kò fẹsẹ̀ kan èbúté rí. Kó tó rò ó, ó ti ju ọwọ́ sí wọn, òsì ni, torí ọ̀tún wà lára sítíárìn. Ó fẹ́ fà á padà.

Màmá ti rí i. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn náà sókè, wọ́n ń jù ú. Ọwọ́ òsì ni. Ọ̀tún wọn ò sì di nǹkan kan mú.