Ọrùn Báàsì Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn àpótí sìgá onígi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Glass gbé mi padà sí ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní àdúgbò Lalala. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe gìtá báàsì tí yóò máa ta fún àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rán mi sí káfíńtà: ṣé kí igi ọrùn gba inú àpótí kọjá, àbí kí òun fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí?

“Kó gba inú kọjá o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn á fà á ya,” ni káfíńtà wí.

Mo ń jowú pé òun ni yóò ta gìtá níwájú ìjọ. “Wọ́n ní gọ́ọ̀mù ti tó,” ni mo jẹ́ fún un.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọrùn náà ya kúrò lára àpótí níwájú ìjọ.

“Adìẹ ìkórè rèé, wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí!” ni àwọn akọrin ń wí. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Lọ́jọ́ kejì Ìsinmi náà, káfíńtà sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ohun tí òun rán mi gan-an. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò fi mí sùn rí. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kan okùn gìtá mọ́.