Igbá Wàrà Tó Wọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Igbó-Ọrà, kò sí ìyà tó dùn mí tó ti ọdún tí a kò rí wàrà jẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ wàrà gbígbóná rí, tí omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá yín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti Táyé, ìkejì mi, a ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá wa àgbà, a ó máa retí Ìyá Àdámù. Fúlàní ni. Gáà tí wọ́n ń gbé kò jìnnà sí oko ìyá àgbà, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwa ọmọ ilé-ìwé lọ. Bó bá ta wàrà tán, inú igbá kan báyìí ló máa ń fi ìyókù sí fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà kì í sì í dá igbá náà padà lófìfo. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀wà, á jẹ́ èlùbọ́ tàbí irú. Ó máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá dá abọ́ olóore padà lófìfo, èébú ló bu sínú rẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí màlúù wọ oko ẹ̀gẹ́ ìyá àgbà. Wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fìwé pè síbi ìnáwó. Ìyá Àdámù ní kì í ṣe màlúù ilé àwọn. Ìyá àgbà ní òun mọ ojú wọn. Báyìí ni wọn kò kí ara wọn mọ́, igbá sì kù sílé wa. Ìyá àgbà kò lè dá a padà lófìfo, torí ìtìjú ni. Kò sì fẹ́ fi nǹkan kan sí i, torí inú ń bí i. Ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó dojú rẹ̀ dé. Síbẹ̀ ó ń rán wa lọ kó ìgbẹ́ màlúù láti fi pa ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Màlúù ló ń bá jà, kò bá ìgbẹ́ wọn jà.

Ọdún náà ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa lọ sí Ìbàdàn, ó rí ilé ńlá tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ó ní àwa náà gbọ́dọ̀ ní tiwa. Wọ́n kó àga kíkán kúrò nínú yàrá kan, a fọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù mú ohun àtijọ́ kan wá láti ilé. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, pàṣán ni. Ilé àfáà mú wàláà wá, ilé ọlọ́dẹ mú àtùpà ọdẹ, ilé oníṢàngó mú edùn àrá. Àyè kò tó, ni wàláà àti edùn àrá bá jọ wà lórí tábìlì kan. Bàbá tó ni wàláà gbọ́, ó fárígá, ó wá. Ọ̀gá àgbà fara balẹ̀ sọ fún un pé láti àná ni wọ́n ti jọ ń sùn níbẹ̀, òun kò sì tíì gbọ́ ariwo. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣáà máa bá òun nu eruku ara rẹ̀.

Nígbà tí a béèrè ohun tí àwa yóò mú lọ, ojú ìyá àgbà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ká gbé igbá yẹn, ó ti gbó tó. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Igbá kò padà lófìfo, kò gba nǹkan kan, ó ṣáà kúrò nílé. Tíṣà wa fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára páálí pé igbá àtijọ́ láti ilé Ìyá Ràfíù ni. Ràfíù ni bàbá wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí yàrá náà, àwọn òbí pé. Ìyá Àdámù wá, torí kíláàsì kan náà ni èmi àti Àdámù wà, ọ̀pá tí bàbá rẹ̀ fi ń da màlúù sì wà níbẹ̀. Ó wo ọ̀pá náà tán, ó yíjú, ó rí igbá tí ìyá rẹ̀ fín fún un nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Ó ní kí Àdámù ka ohun tó wà lára páálí. Àdámù kà á sókè ketekete, bí wọ́n ti kọ́ wa. Ìyá àgbà ń wo àtùpà ọdẹ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

“Ìyá Ràfíù, ṣé igbá mi kú ni, tí ẹ fi wá sin ín síbí?”

Bí wọ́n bá jà níbẹ̀, a ti rí wàrà jẹ kẹ́yìn nìyẹn. Ìyá àgbà tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

“Kò kú. Mi ò rí nǹkan tí màá fi sí i ni.”

“Ẹ ò ṣe fi ẹ̀gẹ́ sí i?”

“Ẹ̀gẹ́ wo? Ṣé màlúù yín ṣẹ́ ìkankan kù fún mi ni?”

Ìyá Àdámù fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti já. Ó ní màlúù àwọn ni lóòótọ́, ojú ló ń ti òun. Ni ìyá àgbà bá na ọwọ́, ó gbé igbá kúrò lórí tábìlì. Ọ̀gá àgbà tó ti fi pàṣán kọ́ wa pé a kì í fọwọ́ kan nǹkan ló yà lọ́nà fún un. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ìyá àgbà se ẹ̀wà ìbejì, ó bù ú kún igbá náà, ó rán wa lọ sí gáà. Nígbà tí Sátidé dé, igbá padà pẹ̀lú wàrà. Èmi àti Táyé jẹ ẹ́ títí inú fi ń run wá, inú wa sì dùn.

Igbá kò padà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́. Páálí nìkan ló kù lórí tábìlì. Bí àlejò bá béèrè, ọ̀gá àgbà á ní ó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá àgbà ti lọ, Ìyá Àdámù náà ti lọ. Lóde òní, bí màlúù bá wọ oko, ẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn yóò fi ṣe ara wọn ló máa ń bà mí, ó sì ń dùn mí. Ìlú ńlá ni mò ń gbé báyìí. Bí mo bá fún aládùúgbò lóúnjẹ, inú ọ̀rá ni. Ọ̀rá kì í fọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í dá a padà. Mo wo ilé mi lọ́jọ́ kan, mi ò rí abọ́ ẹnì kankan níbẹ̀, tèmi náà kò sì sí nílé ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bu ẹ̀wà sínú abọ́ mi tó dára jù, tí mo gbé e fún obìnrin Ẹ̀bìrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ti pẹ́ díẹ̀, abọ́ náà kò tíì padà. Ọkọ mi ní ó ti lọ nìyẹn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, nǹkan tí yóò fi sí i ló ń wá.